Òṣùwọ̀n Èké Nínú Sinimá: Ọ̀rọ̀ Àwọn Khwaja Sira ní Ilẹ̀ Pakísítàn

 

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a kí ìrun Alásárì tán, mo yà sí ìsọ̀ aláṣọ kan tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú jamáà wa, láti gba sàráà tí ó ṣe ìlérí fún ilé kéwú. Tẹlifíṣọ̀n wà ní ìsọ̀ náà, sinimá Íńdíà ni ó sì ń lọ lórí rẹ̀. Ẹnìkan yọ jáde nínú sinimá náà: ara ọkùnrin, aṣọ obìnrin, àtíkè funfun lójú. Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń rọ̀ mọ́ ọkùnrin kan lọ́rùn pé àfi kí ó fún òun lówó. Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́ fún yín.

Ọmọ kéwú mi kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ ni ó bá mi gbé àpò lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Áfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Súrà Hujurat tí ẹ túmọ̀ fún wa lánàá, níbi tí Ọlọ́run ti kọ̀ fún wa pé kí ẹnìkan má fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé ẹni inú tẹlifíṣọ̀n yẹn kò sí lára wọn ni?” Mo ní kí ó dìde, kí a máa lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú. Ìdáhùn tí n kò lè fún un lọ́jọ́ náà ni mo wá kọ sí ojú ìwé yìí lónìí.

TA NI ÀWỌN ÈNÌYÀN NÁÀ?

Àwọn ará Íńdíà ń pè wọ́n ní hijra, àwọn Mùsùlùmí Pakísítàn a sì máa pè wọ́n ní khwaja sira, èyí tí ó ní ọ̀wọ̀ díẹ̀ nínú. Oríṣiríṣi ènìyàn ni ó wà lábẹ́ orúkọ kan yìí. Àwọn kan wà tí a bí, tí ojú ara wọn kò fi hàn gbangba bóyá akọ ni wọ́n tàbí abo. Àwọn ni ìwé fíkíhì wa ń pè ní khuntha. Àwọn kan wà tí a tẹ̀ lọ́dàá. Àwọn kan sì wà, wọ́n pọ̀ pẹ̀lú, tí a bí ní ọkùnrin, ṣùgbọ́n tí wọ́n sọ pé láti kékeré ni àwọn ti mọ̀ nínú ọkàn àwọn pé obìnrin ni àwọn, tí wọ́n sì ń gbé ìgbé ayé obìnrin. Àwọn wọ̀nyí ni Òyìnbó òde òní ń pè ní transgender.

Púpọ̀ nínú wọn ni ilé bàbá wọn lé jáde. Wọn a lọ bá àgbà kan láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní guru, òun ni yóò di ìyá àti bàbá fún wọn. Bí wọ́n bá bímọ ní ilé kan, tàbí tí wọ́n ń gbéyàwó, wọn a lọ síbẹ̀ lọ jó, wọn a ṣàdúrà, wọn a gba owó. Àwọn ènìyàn gbà pé àdúrà wọn a máa gbà, èpè wọn a sì máa jà. Ẹni tí kò bá rí owó ijó, a ṣagbe lójú títì. Ẹlòmíràn a bọ́ sínú iṣẹ́ aṣẹ́wó.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ayé wọn ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ààfin àwọn ọba Mughal tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn tí à ń pè ní khwaja sira ní í ṣọ́ àgbàlá àwọn ayaba, wọn a jẹ́ iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ fún ọba, àwọn mìíràn nínú wọn a sì dé ipò ńlá nínú ìjọba. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn ìwẹ̀fà ní ààfin Aláàfin Ọ̀yọ́ yóò mọ irú ọlá tí mò ń wí. Lóòótọ́, ìwẹ̀fà tí a tẹ̀ lọ́dàá kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó sọ pé obìnrin ni òun, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́ níbẹ̀ títí di òní. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó dé, tí ó ṣe òfin kan ní ọdún 1871, tí ó ní kí a kọ orúkọ àwọn tí a bá fura sí nínú wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tí ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí a ti kọ orúkọ rẹ̀ láti wọ aṣọ obìnrin tàbí láti jó ní gbangba. Ẹni tí ọba ń fọkàn tán ni òfin sọ di ẹni tí a ń ṣọ́ bí olè.

KÓŃGÒ TÍ A GÚN NÍ ÌDÍ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà mọ ohun tí à ń pè ní kóńgò tí a gún ní ìdí. Bí ó bá wà lórí àtẹ, yóò kún dẹ́nu. Ẹni tí ó bá gbé e délé ni yóò mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ìrẹsì inú rẹ̀ kì í ṣe èké, ìrẹsì gidi ni. Òṣùwọ̀n ni ó jẹ́ èké. Báyìí ni àwọn onísinimá ti ń wọn àwọn ènìyàn yìí fún wa láti ọdún pípẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wọn ń ṣagbe, òótọ́ ni pé àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ ìtìjú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo yìí ni a ń fi hàn nígbà gbogbo, a ti gún kóńgò ní ìdí nìyẹn.

Òṣùwọ̀n èké àkọ́kọ́ ni ti ẹlẹ́yà, irú èyí tí a rí ní ìsọ̀ aláṣọ: kí ẹni náà jáde, kí ó pàtẹ́wọ́, kí a rẹ́rìn-ín, kí ó wọlé. Kò ní orúkọ, kò ní ìyá, kò ní ibi tí ó ń sùn.

Èkejì ni ti ìkà. Nínú sinimá Íńdíà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sadak, tí ó jáde ní ọdún 1991, hijra kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Maharani. Òun ni ó ni ilé aṣẹ́wó, òun ni ó ń ra àwọn ọmọbìnrin tí ó sì ń tà wọ́n. Ọkùnrin òṣèré tí ó ṣe é, Sadashiv Amrapurkar, ṣe é débi pé wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Filmfare ti ẹni tí ó ṣe ìkà jùlọ nínú sinimá ọdún náà. Nígbà tí Mahesh Bhatt tí ó ṣe sinimá yẹn tún ṣe òmíràn ní ọdún 1997, tí ó pè ní Tamanna, ó yí ọwọ́ padà: ó fi hijra kan hàn tí ó rí ọmọbìnrin tí wọ́n gbé sọnù, tí ó gbé e, tí ó tọ́ ọ dàgbà bí ọmọ inú ara rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ kan náà ni ó wọn òṣùwọ̀n méjèèjì? Nítorí náà kì í ṣe àìmọ̀ ni ó ń mú àwọn onísinimá gún kóńgò. Wọ́n mọ ohun tí ń tà.

Ẹ̀kẹta ni ti òkú, ti Pakísítàn fúnra rẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2011, Shoaib Mansoor ṣe sinimá kan tí ó ń jẹ́ Bol. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan wà nínú rẹ̀, ẹlẹ́sìn ni, ọmọbìnrin sì kún ilé rẹ̀ bámúbámú. Ó ń wá ọmọkùnrin, Ọlọ́run wá fún un ní ọmọ kan tí kò hàn bóyá akọ ni tàbí abo, Saifi ni orúkọ rẹ̀. Bàbá kò fẹ́ rí ọmọ náà sójú. Nígbà tí Saifi dàgbà, ó rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀ akẹ́rù ní ọ̀dà, àwọn ènìyànkénìyàn níbẹ̀ sì fi ipá bá a lò pọ̀. Bàbá gbọ́. Kò wá àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ ibi náà lọ. Ọmọ rẹ̀ ni ó fún lọ́rùn pa lóru, pẹ̀lú ọ̀rá. Nígbà tí ọlọ́pàá ní kí ó wá fún òun ní ẹ̀gúnjẹ kí ọ̀rọ̀ má baà jáde, owó mọ́sáláṣí tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ó nà.

Ẹ jẹ́ kí àwa áfáà dúró díẹ̀ níbí yìí. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù ẹnu ayé ju Ọlọ́run lọ ni ó pa ọmọ rẹ̀, tí ó sì tún jí owó Ọlọ́run kó. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò dùn pé ẹlẹ́sìn ni wọ́n fi ṣe ìkà nínú sinimá yìí. Bí ó bá dùn wá pé wọ́n fi òṣùwọ̀n èké wọn àwa ẹlẹ́sìn, ó yẹ kí á lè mọ bí ó ti ń dun ẹlòmíràn. Àánú sì wà nínú Bol púpọ̀. Síbẹ̀, kí Saifi tó rí àánú wa gbà, ó ní láti kú. Àánú òkú rọrùn. Ẹni tí ó wà láàyè ni àánú rẹ̀ ń ni wá lára.

NÍGBÀ TÍ ÒṢÙWỌ̀N FẸ́ PÉ

Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ARY Digital bẹ̀rẹ̀ eré àtìgbàdégbà kan tí ó ń jẹ́ Khuda Mera Bhi Hai. Obìnrin kan bí ọmọ khuntha, àwọn ẹbí ní kí ó gbé e sílẹ̀, ó ní òun kò gbé ọmọ òun fún ẹnìkankan. Ìyá náà ni eré dá lé, bí ó ti fi ọmọ rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ àti bí ó ti tọ́ ọ dàgbà. Ní oṣù Kẹta 2018, ọ̀dọ́ kan tí ó jẹ́ transgender, Marvia Malik, jókòó níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Kohenoor, ó sì ka ìròyìn fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Pakísítàn. Kò jó, kò pàtẹ́wọ́, kò kú. Ìròyìn ni ó kà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì 2023, àwọn kan yìnbọn sí i ní iwájú ilé rẹ̀ ní Lahore. Ọlọ́run yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni sinimá Joyland dé, èyí tí Saim Sadiq ṣe. Ní oṣù Karùn-ún 2022, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn níbi àjọ̀dún sinimá ti Cannes ní ilẹ̀ Faransé. Ní Lahore ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní ìyàwó nílé, tí kò rí iṣẹ́ ṣe, lọ gba iṣẹ́ alájòótà lẹ́yìn khwaja sira kan tí ó ń jẹ́ Biba, ìfẹ́ sì bẹ́ sáàárín wọn. Ilé náà dàrú, ìyàwó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé Áfáà ní kí ẹ kó ọmọ yín lọ wò ó. Ṣíná wà nínú rẹ̀, n kò sì ní pe dúdú ní funfun. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni bí wọ́n ti wọn Biba. Ọ̀kan nínú wọn, Alina Khan, ni ó ṣe é. Kì í ṣe ọkùnrin tí wọ́n kun ní àtíkè. Biba nínú ìtàn náà a máa bínú, a máa ṣiṣẹ́, a máa ṣe ìgbéraga, a máa sunkún. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó jókòó sí àyè obìnrin, obìnrin kan sì ní kí ó dìde lọ sí àyè ọkùnrin. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ gàgàrà sórí páálí fún ìpolówó, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbé e lọ sílé lórí alùpùpù, kò sì sí ibi tí wọ́n lè fi í sí nínú ilé náà tí kò ní dìjà. Ilé tí kò gba àwòrán lásán, ṣé yóò gba ènìyàn?

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìgbìmọ̀ tí ń yẹ sinimá wò ti fi ọwọ́ sí Joyland ní oṣù Kẹjọ 2022. Nígbà tí àwọn kan kọ ìwé ẹ̀sùn, ìjọba àpapọ̀ fòfin dè é ní ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba ẹkùn Punjab kọ̀ jálẹ̀, ní Punjab ni Lahore sì wà. Àwọn ará ìlú tí ìtàn náà jẹ́ tiwọn gan-an ni a kò jẹ́ kí wọ́n wò ó. Mo ní àwíjàre fún ẹni tí ó sọ pé ṣíná ni òun ń sá fún. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́ tí a fi ń rẹ́rìn-ín, irú ariwo báyìí kò sọ. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn di ènìyàn lójú sinimá ni ó di ọ̀ràn.

ÈSO Ẹ̀RÍN

Ẹnìkan lè wí pé, “Áfáà, sinimá kí sinimá ni, ẹ̀rín kì í pani.” Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ Peshawar fún yín. Ní oṣù Karùn-ún 2016, wọ́n yìnbọn lu ọ̀kan nínú àwọn khwaja sira ní ìlú náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń jiyàn bóyá yàrá àwọn ọkùnrin ni ó yẹ kí ó sùn tàbí yàrá àwọn obìnrin, àti pé àwọn kan níbẹ̀ ń bi àwọn léèrè iye tí àwọn ń gbà fún ijó, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹni tí ó dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó kú. Níbo ni ènìyàn ti kọ́ láti máa ṣàwàdà lórí ẹni tí ìbọn bà? Ibi tí àwa náà ti kọ́ ọ ni: níwájú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn àgbà ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Òkè ni ẹ̀rín. Ìsàlẹ̀ ni ilé ìwòsàn yẹn.

Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, oṣù Kẹfà 2016, áfáà bí àádọ́ta ní Lahore jọ fọwọ́ sí fatwa kan. Wọ́n ní òbí tí ó bá fi ogún du irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń pe ìbínú Ọlọ́run sórí ara rẹ̀. Wọ́n ní kí a máa kí ìrun sí wọn lára bí wọ́n bá kú, kí a sì sin wọ́n bí a ti ń sin Mùsùlùmí. Wọ́n sì ní fífi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jẹ́ hàráámù. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2009, agbẹjọ́rò kan tí ó jẹ́ onímọ̀ òfin Ìsìláàmù, Muhammad Aslam Khaki, ni ó gbé ọ̀rọ̀ wọn dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Pakísítàn, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá ti lù wọ́n tí wọ́n sì ti mú wọn. Ilé ẹjọ́ náà ní ọmọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n bí àwọn yòókù. Ẹ ṣàkíyèsí pé onímọ̀ Ṣẹ̀ríà ni ó ṣí ilẹ̀kùn náà.

Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ohun gbogbo o. Òfin ọdún 2018 ní Pakísítàn gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí òun mọ̀ pé òun jẹ́, kí ìjọba sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ilé ẹjọ́ Ṣẹ̀ríà ti ìjọba àpapọ̀ wí pé apá yìí tako Ìsìláàmù, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kan náà ní ẹ̀tọ́ khuntha gẹ́gẹ́ bí ènìyàn wà síbẹ̀. Iyàn yìí kò tíì tán, èmi kọ́ ni n ó sì parí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí iyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó kéwú mọ̀ pé ìwé Mukhtasar ti Khalil, tí àwa ará Maliki ń kà, ọ̀rọ̀ ogún khuntha ni ó fi kádìí: ìdajì ìpín ọkùnrin àti ìdajì ìpín obìnrin. Àwọn áfáà àtijọ́ jókòó, wọ́n wọn òṣùwọ̀n ogún fún un dé orí kọ́bọ̀, wọn kò fi í rẹ́rìn-ín. Imam Nawawi nínú àlàyé rẹ̀ lórí Hadith Muslim ya ẹni tí ìrìn rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ rí bí ti obìnrin láti ìṣẹ̀dá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ń sín obìnrin jẹ. Ó ní kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ti àkọ́kọ́. Nínú àkójọ Abu Dawud, a kà pé wọ́n mú irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kan wá síwájú Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, wọ́n sì ní kí ó kúrò ní ìgboro Madina. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bèèrè bóyá kí àwọn pa á, Ànábì kọ̀, nítorí pé a kọ̀ fún òun láti pa àwọn tí ń kí ìrun. Bí ìwà ẹnìkan kò bá tilẹ̀ tẹ́ wa lọ́rùn, ẹ̀mí rẹ̀ àti ọ̀wọ̀ rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin oníṣòwò, tẹlifíṣọ̀n tí ẹ gbé sí ìsọ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní ẹ̀kọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. N kò ní kí ẹ pa á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí wọ́n mú ẹ̀dá Ọlọ́run kan jáde kí ẹ lè fi í rẹ́rìn-ín, ẹ wo ìdí kóńgò náà bí ẹ ti máa ń wò ó lọ́wọ́ aláròóbọ̀. Ẹ béèrè pé: ẹni yìí, ta ni ìyá rẹ̀? Níbo ni ó ń sùn? Ta ni ó ń jèrè ẹ̀rín yìí?

Ní ti ọmọ kéwú mi, mo pè é lẹ́yìn ìrun Sùbúhì ní ọjọ́ kẹta. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, ó wà lára wọn. Èmi ni mo ṣìnà ní ìsọ̀ yẹn.” Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Áfáà, èmi náà rẹ́rìn-ín.” A jọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ṣí wàláà rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ ìwé.

Kí Ọlọ́run fi òṣùwọ̀n òtítọ́ sí wa lọ́wọ́, ní ọjà àti ní ẹnu. Àmín.